Pákó Ìjókòó Alátáyà

Òṣùká ìyá ìyá mi ni táyà àkọ́kọ́ tí mo mọ̀.
Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ ló fi ká a, róbótó,
ó gbé e ka àtàrí, ó gbé ẹrù lé e,
ó di Èjìnrìn, kí àkùkọ tó kọ lẹ́ẹ̀kejì.
Kò sí rọ́bà nínú rẹ̀. Kì í jò.
Ọrùn ló ń jò, òógùn ló ń jò.

Bàbá mi ò ru ẹrù. Káfíńtà ni.
Odùnúgà Onípákó, ní ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Igbó.
Wọ́n á wa irin wá bá a láti Èkó,
ẹ́ńjìnnì, ìdí, ẹsẹ̀ mẹ́rin,
ọkọ̀ tí kò lára.
Bàbá mi á fi ìrókò dá ara fún un:
ìhà, òrùlé, àti bẹ́ńṣì tó dojú kọra wọn
títí orúnkún ará Ẹ̀pẹ́ fi ń gún ti ará Ìkòròdú
tí ẹnìkan á fi ní kẹ́nìkejì bọ́ sílẹ̀ kí wọ́n wọ̀yá ìjà.
Tọ́rọ́ lowó ọkọ̀ dé Odògbolú.
Ìyá ìyá mi kọ̀, kò wọ̀ ọ́.
Ẹ̀ẹ̀kan péré ló wọ̀ ọ́, ọjọ́ tí wọ́n gbé e bọ̀ láti ilé ìwòsàn,
kò sì mọ̀ pé òun wọ ọkọ̀.

Ṣówándé ló kọ̀wé síwájú rẹ̀ ní ọ̀dà funfun:
PELE LAKO O LABO.
Kò fi àmì sí i.
Àmì á gba ọ̀dà, ọ̀dà á gba owó,
Ìjẹ̀bú sì ni Ṣówándé.

Ọkọ̀ yẹn ló gbé ẹ̀gbọ́n mi Ṣótúndé lọ
nígbà tó gba iṣẹ́ gba-owó nínú bọ́ọ̀sì àwọn ará Èkó.
Ó dúró lẹ́yìn ọkọ̀, ó di irin mú, ó ń rẹ́rìn-ín,
ó ní òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì.

Èmi kọ́ bí a ti ń lẹ táyà.
Ti bọ́lẹ̀kájà, àwa méjì là ń yí i.
Mọ́rísì dé, ó rí rìbìtì bí ìjàpá, èmi nìkan tó o.
Dátísọ̀nù dé. Bọ́ọ̀sì dé.
Ọ̀kadà dé, mo ń fi ọwọ́ kan gbé táyà, mo ń fi èkejì jẹ gúgúrú.
Máruwá wá dé, táyà rẹ̀ kò ju àwo ìjẹun lọ.
Táyà ń kéré, títì ń kún.
Ó ku díẹ̀ kó padà di òṣùká.

Ọdún tí owó di náírà ni wọ́n tú bọ́lẹ̀kájà náà.
Bàbá mi lọ fi owó ra iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ padà,
pákó kan ṣoṣo, wọ́n ti fi ayùn gé e.
Òun ni bẹ́ńṣì tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù mi yìí, ní gáráàjì Ẹ̀pẹ́.
Àwọn ọmọ oní-Máruwá ló ń jókòó lé e,
ìdí wọn ti pa ọ̀dà rẹ́ tán, ó ku O LABO.

Lánàá wọ́n ń jiyàn lé e lórí.
Dìpẹ̀olú ní, "Ó lábọ̀ ni: ọkọ̀ tó lọ, á bọ̀."
Èkejì ní rárá, àbọ̀ owó ni,
ohun tí ọmọ iléèwé ń san láyé ìgbà yẹn.
Ẹ̀kẹta ní ẹ ò rí i pé àbọ̀ pákó ni?
Wọ́n kọjú sí mi. "Bàbá, èwo ni?"

Mo mọ ohun tí Ṣówándé kọ. Pẹ̀lẹ́ lákọ, ó lábo.
Èmi ni mo di ìkòkò ọ̀dà mú fún un.
Mo wo ojú Dìpẹ̀olú,
mo wo títì tó lọ sí Èkó.
"Ìwọ lo kà á bó ti yẹ," mo wí,
mo tẹ páǹpù mọ́ ẹnu táyà rẹ̀.
Ó ń jò díẹ̀díẹ̀ láti àárọ̀.
Àwọn méjì tó kù ń bínú.